Màmá, Kámẹ́rà Kékeré, àti Àtẹ̀gùn Ilé Èbúté Mẹ́ta

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú Màmá, ìyá tó bí ìyá mi. Mo dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní obìnrin rere ni, mo ní alágbára ni, mo ní ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ lórí àìsàn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Gbogbo ìjọ ṣe "Àmín." Mo padà jókòó. Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n kí ìdí mi tó kan bẹ́ǹṣì ni mo ti mọ̀ pé obìnrin tí mo ṣàpèjúwe yẹn kì í ṣe Màmá. Màmá tí mo mọ̀ máa ń bínú. Ó máa ń bú ọkọ rẹ̀ tí kò lè dìde. Nígbà míì á kẹ̀yìn sí i, á jókòó sójú fèrèsé pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré kan lórí itan, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sán. Èmi ni mo bá wọn gbé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ.

Àbúrò Màmá ọkùnrin tó ń dáná nínú ọkọ̀ òkun ló mú kámẹ́rà náà bọ̀ láti ìlú òyìnbó, ní nǹkan bí ọdún kan kí ìjọba tó ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Inú àpò awọ ló wà, okùn kan wà lára àpò náà tí èèyàn lè fi kọ́ ọrùn. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n máa ń fi àtàǹpàkò tì kí fíìmù lè sún síwájú, bí o bá sì ti tì í, nọ́ńbà inú ihò kékeré kan lókè á yí: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, títí á fi dé mẹ́rìndínlógójì. Ìyá mi tó wà ní Kàdúná ni ọkùnrin náà rà á fún. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kí ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀sán kan ṣoṣo ló fi kọ́ ọ. Nígbà tí ọkùnrin náà ń lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wá fẹ́ máa yà? Ẹ kì í sáà jáde nílé."

Màmá ní, "Ohun tí mo bá rí ni màá yà. Àbí ẹni tó bá jókòó sílé ò lójú ni?"

Kì í jáde lóòótọ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onígi àtijọ́ kan la gbé ní Èbúté Mẹ́ta, kò jìnnà sí ojú irin. Yàrá méjì la gbà lókè. Àtẹ̀gùn ilé náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ṣẹ́ kọ́nà kan láàárín tó fi jẹ́ pé bí ẹni méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan ní láti padà sẹ́yìn. Ọkọ Màmá, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, jẹ́ gáàdì rélùwéè, ìyẹn ẹni tó máa ń dúró nínú kẹ́rẹ́jì tó kẹ́yìn pẹ̀lú àsíá pupa àti àsíá aláwọ̀ ewé. Kò tíì pé oṣù méjì tó fẹ̀yìn tì tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá a wó. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù Ìdí-Àràbà, ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e gun àtẹ̀gùn yẹn. Wọ́n fi orí rẹ̀ gbá ògiri ní kọ́nà, àwọn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀kan nínú wọn nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní ká má pe òun láti wá gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ pàápàá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù: "Mo ń bọ̀." Ohun tó máa ń sọ láti ẹnu ọ̀nà nìyẹn nígbà tó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ mu omi?" á ní, "Mo ń bọ̀." Tí mo bá ní, "Ṣé ibí yìí ló ń dùn yín?" á ní, "Mo ń bọ̀." Àwọn àlejò á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọn á sì wá máa wo ilẹ̀.

Màmá kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè tì mọ́lé. Ọmọ Iléṣà ni, abọ́ tánganran ló ń tà, inú ọkọ̀ rélùwéè ló sì ti ń tà á, láti Ìddó dé Ìlọrin, nígbà míì kọjá bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pàdé Bàbá. Ó kó abọ́ dí ọ̀nà àárín kẹ́rẹ́jì, gáàdì ní kí ó kó o kúrò, ó ní òun ò kó o. Ó sọ fún mi pé láti Ìbàdàn títí dé Òṣogbo ni àwọn fi jà, pé nígbà tí ọkọ̀ dé Ọ̀fà, gáàdì ti ń bá òun to abọ́ náà jọ. Inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá ń sọ ìtàn yìí. Lẹ́yìn náà á wo àyíká yàrá, á wo bẹ́ẹ̀dì, á wo ike ìtọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, á ní, "Mi ò gbé ojú kan rí láyé mi, Àbẹ̀kẹ́. Àfi ibí."

Iṣẹ́ ilé wa ò lópin. A ní láti máa yí Bàbá padà kí egbò má bàa jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. A ní láti fi ṣíbí fún un ní ògì, ká nu ẹnu rẹ̀, ká fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ká tún fọ ọ́. Ìgbà tí mo bá ti ilé ìwé dé láti Yaba nìkan ni Màmá lè sáré lọ sí Òyìngbò ra ohun tí a máa jẹ, èmi á sì jókòó ti Bàbá. Láti ojú fèrèsé, mo máa ń wo àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi tó ń fò ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń nísàlẹ̀. Wọ́n ti pè mí títí, wọn ò pè mí mọ́. Mo kórìíra bẹ́ẹ̀dì yẹn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo kórìíra ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Mo rò pé èmi nìkan ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá da ògì sórí aṣọ tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀, ìgbà kejì lọ́jọ́ kan náà nìyẹn. Màmá gbé ọwọ́ sókè, ó gbá a lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú. Bàbá ò jẹ̀rora. Ó kàn wo ọwọ́ náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì ní wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Mo ń bọ̀." Màmá jáde lọ sí bákónì ẹ̀yìn, ó pẹ́ níbẹ̀. Èmi ń díbọ́n pé ìwé ni mò ń kà. Nígbà tó wọlé, ó dúró síwájú mi, ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n mi sókè.

"O rí mi," ó wí. "Má sọ pé o ò rí mi."

Fíìmù kan lọ́dún ló máa ń lò. Àbúrò rẹ̀ máa ń mú u bọ̀ tí ọkọ̀ wọn bá gúnlẹ̀, èèyàn sì lè rí i rà lọ́jà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Màmá ní ọ̀kan tó. Ẹ wo ohun tó máa ń yà láti ojú fèrèsé: ọkọ̀ ẹrù tó ń kọjá, òjò lórí páànù tó ti dípẹtà, aṣọ àwọn ayálégbé lórí okùn lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá pọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tí òjìji wọn gùn ju wọn lọ. Ó lè gbé kámẹ́rà sójú fún ìgbà pípẹ́, kó tún gbé e sílẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò yà á. Ó ní, "Kò tíì wá." Kí ni kò tíì wá?

Gbogbo ilé ló fẹ́ kó ya àwọn, kò sì gbà. Obìnrin kan wà nísàlẹ̀, Ìyá Ràṣídá, tó bẹ̀ ẹ́ títí tó fi ń bínú. Ó wọ aṣọ tuntun gun òkè lọ́jọ́ ọdún Iléyá, ó fi orúkọ ìyá mi pè é, ó ní, "Ìyá Tinú, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan péré."

Màmá ní, "Mo ti yà ọ́."

"Ìgbà wo?"

Màmá ṣí páálí tó ń kó fọ́tò sí, ó mú ọ̀kan jáde. Ìyá Ràṣídá ni lóòótọ́, ó jókòó nìkan lẹ́yìn ilé ìdáná, ìkòkò wà níwájú rẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ara wọn, ó ń sunkún. Mo rò pé ìjà máa bẹ́. Obìnrin náà wo fọ́tò náà pẹ́. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ẹ lè fún mi bí?" Màmá fún un. Ó ní, "Ọjọ́ yẹn lo jọ ara ẹ."

Ṣùgbọ́n ìjà wà nílé wa. Bàbá ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń gbé ní Ṣómólú, òun la sì ń pè ní Ìyá Ṣómólú. Gbogbo ọjọ́ Sunday, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti parí, á dé. Á wo ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ bóyá egbò wà níbẹ̀, á fi ìka yẹ orí tábìlì wò bóyá eruku wà, á wá jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó dára nílé wa. Òun ló sọ pé Màmá ò gbọdọ̀ tajà mọ́. Òun ló sọ pé kò gbọdọ̀ sùn níta. Nígbà tí ìyá Màmá ń ṣàìsàn ní Iléṣà, Màmá kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí ẹbí ọkọ bá òun mú Bàbá fún ọ̀sẹ̀ méjì péré kí òun lè lọ wo ìyá òun. Ìyá Ṣómólú ní, "Ta ló fẹ́ mú un? Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń yí i bíi tìẹ? Ìyàwó, ibi tí ọkọ rẹ wà ni ilé rẹ wà." Ìyá Màmá kú. Wọ́n sin ín. Màmá ò sí níbẹ̀.

Kò sunkún lójú wa. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Ṣómólú tún ń pariwo, mo rò pé lórí ọṣẹ ni, tàbí lórí omi gbígbóná. Ó ti dìde dúró, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń na ìka. Màmá nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú kámẹ́rà, ó gbé e sójú. Mo gbọ́ ọ, *kẹ́*. Ìyá Ṣómólú dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí gèlè, ó tún un ṣe. Ó jókòó. Ó pọn ẹnu jọ. Láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn kan jáde lẹ́nu Bàbá tí a ò gbọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ẹ̀rín ni.

Màmá ní, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gidi, "Ìyá, tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀, màá tún yà yín."

Ní ọdún karùn-ún, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, Màmá rán ojú mi níṣẹ́ síta pẹ̀lú kámẹ́rà. Bó ṣe pè é nìyẹn. Fọ́tò mẹ́rin ló kù nínú fíìmù, kò sì rí nǹkan tuntun mọ́ láti fèrèsé. Ó ní kí n lọ dúró níbi tí títì gbé gba orí irin kọjá, kí n ya ohunkóhun tó bá wù mí. Mo dúró pẹ́. Ọkọ̀ èrò kan kọjá, mo ya ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Bọ̀dá Ràfíù tó ní ilé ìyafọ́tò ní Òyìngbò ló fọ̀ ọ́. Ó mọ́ kedere: kẹ́rẹ́jì tó kẹ́yìn, gáàdì dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àsíá lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ orí síta.

Mo fi han Bàbá. Mo kàn fi hàn án ni, mi ò ní nǹkan kan lọ́kàn. Ó fi ọwọ́ òsì gbà á. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó wá tẹ́ ẹ sí àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mo ń bọ̀," ó wí. "Mo ń bọ̀. Mo ń bọ̀." Kò dákẹ́. Màmá tó ń fọṣọ ní bákónì wọlé pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ lápá, ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò ó. Ó wo fọ́tò náà. Ó wo Bàbá lójú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tí wọ́n jí láti ojú oorun.

"Ọdún márùn-ún ló ti ń sọ fún mi," ó wí. "Mo rò pé ahọ́n rẹ̀ ló há."

Lọ́jọ́ kejì ló ránṣẹ́ pe káfíńtà kan tó ń jẹ́ Ṣúlè, ní Pápá Àjàó, tó máa ń bá wa tún fèrèsé ṣe. Ó ní kí ó wá wọn àtẹ̀gùn, kí ó wọn Bàbá, kí ó ṣe àga kan tó lè gba kọ́nà yẹn kọjá. Ṣúlè lọ, ó bọ̀, ó tún padà wá wọn kọ́nà nígbà mẹ́ta. Àga tó ṣe ò fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, igi gígùn méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹni mẹ́rin lè gbé, ó sì kan ibi tí wọ́n lè gbé ẹsẹ̀ lé. Ọjọ́ Saturday ni wọ́n mú láti gbé Bàbá lọ sí ojú irin.

Ta ló sọ fún Ìyá Ṣómólú? Mi ò mọ̀ dòní. Nígbà tí Ṣúlè àti ọkùnrin mẹ́ta tó mú wá ti fi aṣọ di Bàbá láyà mọ́ àga, tí wọ́n ti gbé e dé orí àtẹ̀gùn, a rí obìnrin náà nísàlẹ̀ wa. Ó ti jókòó sí kọ́nà. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri kan, ó na ẹsẹ̀ ti èkejì.

"Ẹ gbé e gba orí mi kọjá," ó wí.

Ṣúlè ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, àga yìí wúwo."

"Mo ní ẹ gbé e gba orí mi kọjá. Àbúrò mi tí àwọn èèyàn ńlá máa ń ṣí fìlà fún, ẹ fẹ́ gbé e káàkiri títì bí ère. Tó bá jábọ́ ńkọ́? Tó bá kú lọ́nà ńkọ́? Ìyàwó, tó bá kú, ìwọ lo pa á!"

Òógùn ti bo àwọn ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo dúró lẹ́yìn pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Mo rò pé Màmá máa pariwo. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àga náà, ó sọ̀ kalẹ̀ títí dé iwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ìyá," ó wí, "ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Kí ẹ lè rí i fúnra yín tí mo bá pa á."

Láti orí àga, Bàbá tẹ orí síwájú, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn rẹ̀ kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́, bí ọmọdé tó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá Ṣómólú bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó dìde, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ níwájú wọn, ó ń sọ fún wọn lójú ọ̀nà pé, "Ẹ rọra. Ẹ gbé apá òsì sókè. Mo ní apá òsì!"

Nígbà tí a dé títì, oòrùn pa Bàbá lójú, ó di ojú rẹ̀ pọ̀. Ìyá Ṣómólú ṣí agbòòrùn rẹ̀ lé e lórí, kò sì gbé e kúrò títí a fi dé ojú irin. Àwọn èèyàn jáde wá wò wá. Àwọn kan tó mọ̀ ọ́n nígbà kan kí i, "Gáàdì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" Ó ń wo gbogbo nǹkan bí ẹni ebi ń pa: pátákó ìtajà, àwọn ọmọ ilé ìwé, mọ́tò tó ń gba apá ọ̀tún tí kò rí rí. A gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n máa ń dá mọ́tò dúró. A dúró.

Màmá yí sí mi. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun rí. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọkọ rẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Yà wá."

Mo yà wọ́n. Mo yà wọ́n lápá ọ̀tún, mo yà wọ́n lápá òsì. Mo ya Ìyá Ṣómólú pẹ̀lú agbòòrùn. Nígbà tí ọkọ̀ dé, tí ilẹ̀ ń mì, mo ya Bàbá bó ṣe ń ka kẹ́rẹ́jì pẹ̀lú ètè láì sọ̀rọ̀. Gáàdì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rí ọkùnrin orí àga, bóyá ó mọ̀ ọ́n, bóyá kò mọ̀ ọ́n, ó na àsíá aláwọ̀ ewé síta. Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dá a lóhùn. Ọkọ̀ lọ. Bàbá ò sọ gbólóhùn rẹ̀ rárá títí a fi délé. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ilé wa dákẹ́.

Èmi ni mo fi fíìmù sínú kámẹ́rà fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo bẹ Màmá kí ó jẹ́ kí n ṣe é, ó sì gbà. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Ràfíù, ó wọ yàrá dúdú tó ti ń fọ fíìmù lọ, ó pẹ́, ó sì bọ́ síta pẹ̀lú fíìmù gígùn kan lọ́wọ́. Ó nà án sójú iná. Ó mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí gíláàsì.

"Àbẹ̀kẹ́, kò rìn," ó wí. "Nígbà tí o fi sí i, ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò kọ́ eyín inú kámẹ́rà. Nọ́ńbà ń yí, fíìmù jókòó sójú kan."

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Màmá ń ṣa ìrẹsì. Mo kúnlẹ̀, mo nà án sí i. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó fi ọwọ́ wọ́ ọ kọjá díẹ̀díẹ̀, ó ń wá nǹkan nínú rẹ̀.

"Kò sí ìkankan?"

"Kò sí, Màmá."

Mo ń retí ìfọ́tí. Ó jókòó pẹ̀lú fíìmù náà lórí ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì bí mi ò ṣe rí i rí, kódà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ mi. Ó wá fà mí mọ́ra, ó ní, "Dákẹ́. Ìyá Ṣómólú wà níbẹ̀, òun á máa sọ ọ́ fún wa."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Obìnrin yẹn sọ ọ́ títí ó fi kú. Ọdọọdún ni ọkọ̀ rélùwéè náà ń gùn sí i nínú ìtàn rẹ̀. Nígbà tí Bàbá kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà òjò, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àwọn kan nínú ẹbí ní gbígbé tí wọ́n gbé e kiri ló pa á. Ìyá Ṣómólú dìde láàárín wọn. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo mú agbòòrùn." Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Gbogbo èèyàn rò pé Màmá máa jáde wàyí, pé á padà sídìí abọ́ tánganran, pé á wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Kò lọ. Ó máa ń dìde ní wákàtí tó yẹ kí a yí Bàbá padà, á dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, á dúró. Tó bá lọ sí Òyìngbò, sísáré ló máa ń sáré padà, èmi á máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, títí á fi dé kọ́nà. Á dúró níbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́. Ọjọ́ kan, mo jáde lọ bá a. Ó ń mí gúlegúle, òógùn bo ojú rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń sáré fún. Ó wò mí, ojú tì í díẹ̀.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ò tíì gbọ́."

Ó pẹ́ gan-an kí ẹsẹ̀ yẹn tó gbọ́. Mo ti parí ilé ìwé olùkọ́, mo ti ń múra ìgbéyàwó, kí n tó ní ìgboyà láti bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan la jọ ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní, "Màmá, nígbà tí Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé kò ṣe yín bíi pé kí ẹ sá lọ rí?"

Kò gbé orí sókè. "Mo sá."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa.

"Ọjọ́ Tuesday kan ni," ó wí. "O ti lọ sílé ìwé. Kò sí ìjà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fún un lóúnjẹ, mo yí i padà, mo gbé omi síbi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ lè dé. Mo di aṣọ mẹ́ta sínú báàgì. Ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo lọ sí gáréèjì, mo wọ ọkọ̀ Iléṣà, mo jókòó sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà. Èrò kan ló kù kí ọkọ̀ kún. Àwọn agbèrò ń pariwo, 'Iléṣà, ẹnì kan! Iléṣà, ẹnì kan ṣoṣo!' Mo ń retí ẹni yẹn bí ẹni ń retí ọmọ. Oòrùn kúrò lójú mi, ó bọ́ sí ẹ̀yìn mi. Kò sẹ́ni tó wá. Aago méjì ni o máa ń délé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lu, mo sọ̀ kalẹ̀."

Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ. Èmi ò lè bó ọ mọ́.

"Tí ẹni yẹn bá dé ńkọ́, Màmá?"

"Ǹ bá ti lọ."

"Ṣé ẹ̀ bá padà wá?"

Ó gbọn èèpo kúrò lórí ìró rẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè, ó wò mí tààrà, bó ṣe máa ń wo nǹkan kó tó tẹ̀ ẹ́.

"Mi ò mọ̀, Àbẹ̀kẹ́," ó wí. "Tí ẹnikẹ́ni bá ní mo mọ̀, irọ́ ló ń pa."